Ìlà Méjì Tí Mo Fò

Òórùn koríko gbígbẹ ni mo fi ń rántí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní ọjà Adjamé, ní Abidjan. Inú àpótí pákó ni wọ́n máa ń kó àwọn abọ́ tánganran sí láti òkè òkun, koríko gbígbẹ ni wọ́n sì máa ń kì sáàárín wọn kí ara wọn má bàa bó. Bí bàbá bá ti já àpótí kan, òórùn yẹn á sọdá ojú ọ̀nà lọ bá àwọn tó ń ta ẹja gbígbẹ lódìkejì, á sì borí ti ẹja, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ìwọ náà tó dàgbà sí Treichville mọ bí ọjà náà ṣe rí nígbà yẹn: àwọn ọkọ̀ gbaka ń pe èrò Abobo láti ìdájí, èèyàn ń fara gún èèyàn, èdè Dyula ló wà lẹ́nu gbogbo ayé. Láàárín gbogbo rẹ̀, bàbá mi á jókòó sórí àpótí tó ti ṣófo, á máa fi àkísà nu abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Oníbàárà tó bá ń kánjú, kó tètè máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, nítorí bàbá mi kì í kánjú.

Ará Ìgbòho ni. Ó ti dé Abidjan kí ilẹ̀ náà tó gba òmìnira, ibẹ̀ ló sì bí mi sí. Iléèwé Faransé ni mo lọ, Faransé ni mo fi ń bá àwọn àbúrò mi jà, òun náà ni mo fi ń lálàá. Yorùbá tí mo ní nígbà náà, etí ló wà, kò tíì dé ẹnu. Ohun tí wọ́n bá sọ, mo gbọ́ ọ kedere. Bí ó bá wá kan pé kí èmi náà sọ ọ́, màá máa wá ọ̀rọ̀ kiri bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ nù lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ka èyí sí àléébù. Mo ti ṣetán níléèwé, mo ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé fún àwọn tó ń gba ẹrù ní èbúté, bí ìwé kan bá sì dé bá èyíkéyìí nínú àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi, bàbá á ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ títí màá fi ti ibi iṣẹ́ dé. "Àbẹ̀kẹ́ á kà á," ni yóò wí, á sì fọwọ́ kan fìlà rẹ̀. Mo fẹ́ràn kó máa sọ bẹ́ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí n má parọ́ fún ọ.

Ìyá bàbá mi ṣì wà láyé ní Ìgbòho. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀: kó mú òun dé Mẹ́kà kí òun tó kú. Àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti mú ìyá tiwọn lọ, wọ́n ti ń pe àwọn yẹn ní Àlájà ládùúgbò, òun nìkan ló kù tí wọ́n ṣì ń pè ní Ìyá Àgbà lásán. Bàbá ti ṣèlérí fún un. Gbogbo ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn oúnjẹ wa àti owó ilé, inú agolo kan lábẹ́ ibùsùn ló ń lọ. Nígbà tí iná wá jó ìlà ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn tiwa, tí ọkùnrin kan tó ń ta aṣọ sunkún lójú gbogbo ọjà nítorí owó tó fi pa mọ́ sínú ẹrù rẹ̀, bàbá mi ò sùn mọ́. Ìgbà yẹn ni ọmọkùnrin kan láti ilé ìfowópamọ́ kan ní Plateau, àdúgbò àwọn ọ́fíìsì ńlá, ń gun alùpùpù Mobylette wá sí ọjà. Mi ò ní dárúkọ ilé náà, kò sí mọ́ lónìí. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń funfun báláú láàárín eruku Adjamé, Dyula ló fi ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀, ó sì máa ń kí i dáadáa kó tó dárúkọ owó. Bàbá gbé agolo náà fún un.

Lópin ọdún àkọ́kọ́, ó mú ìwé kékeré tí wọ́n ń pè ní carnet wá, mo kà á fún bàbá. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ti fi owó díẹ̀ kún un."

Ó dá àkísà dúró. "Ta ló fi kún un? Kí ni mo tà fún wọn?"

Mo ṣàlàyé pé torí pé owó náà wà lọ́dọ̀ wọn ni. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló ti ìwé náà sọ́dọ̀ mi bí ẹni pé ó gbóná. Ó ní èlé nìyẹn, pé òun ò ní fi owó èlé gbé ìyá òun lọ sí Mẹ́kà, kí n kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Mo kọ ọ́. Mo ṣe lẹ́tà yẹn lọ́ṣọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi, Faransé iléèwé tó ń tàn yòyò. Mo mọ̀ pé wọ́n á rẹ́rìn-ín ní Plateau, nítorí ta ló rí i rí kí tálákà máa bẹ ilé owó pé kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ òun. Ọmọkùnrin Mobylette náà jẹ́wọ́ fún mi lẹ́yìn náà pé wọ́n gbé e láti tábìlì dé tábìlì.

Àmọ́ wọn ò kàn rẹ́rìn-ín. Láìpẹ́, ọmọkùnrin náà padà wá pẹ̀lú ìdáhùn, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó mú ẹ̀bùn wá. Ó ní àwọn ọ̀gá òun ti rí ọ̀nà tó bá ẹ̀sìn mu. Dípò kí bàbá fi owó pa mọ́, kó fi í ra ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Á di ọ̀kan lára àwọn tó ni ín. Ohun tí yóò máa gbà lọ́dọọdún kò ní jẹ́ èlé mọ́, èrè ni, torí òwò ni wọ́n jọ ń ṣe. Bàbá mi ronú sí i fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó béèrè lọ́wọ́ Ìmáàmù wọn, ìyẹn sì ní bó bá jẹ́ òwò tòótọ́ ni, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ìròyìn náà tàn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ márùn-ún, tí gbogbo wọn ti ń bẹ̀rù èlé tí wọ́n sì tún ń bẹ̀rù iná, ní bí ó bá fọwọ́ sí i, àwọn náà á fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jókòó yí mi ká lórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin náà ti fi ìwé sílẹ̀ láti àná, ó ní kí wọ́n kà á dáadáa kí wọ́n tó buwọ́ lù ú. Mo ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà, mo ń kà á ní Faransé, mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá tèmi tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, bí mo bá sì kọsẹ̀ wọ́n á ràn mí lọ́wọ́. Èrè ọdọọdún, mo sọ ọ́. Ẹ̀tọ́ láti wá sí ìpàdé, mo sọ ọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé àwọn ló fẹ́ lọ jókòó pẹ̀lú àwọn tó wọ táì. Mo wá dé ìsàlẹ̀, níbi tí lẹ́tà rẹ̀ ti kéré ju ti ìyókù lọ. Ìlà méjì ni. Ohun tó wí ni pé ilé iṣẹ́ náà kò fọwọ́ sọ̀yà pé owó tí oníìpín bá mú wá yóò padà dé ọwọ́ rẹ̀, àti pé ìpín kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbà padà lórí káńtà, àfi kó rí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí, ó rọrùn. Lọ́jọ́ yẹn, mo mọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní Faransé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá Yorùbá rẹ̀ lọ sẹ́nu, òfo ni mo bá. Ìtumọ̀ rẹ̀ pàápàá kò yé mi délẹ̀. Ó jọ àwọn ọ̀rọ̀ tí mo máa ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé ní ibi iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ìka mi dúró. Ojú ọkùnrin mẹ́fà wà lára mi. Ọ̀kan nínú wọn, ará Ìsẹ́yìn tó ń ta aṣọ òkè, béèrè pé, "Kí ló kù níbẹ̀?"

Mo ní, "Wọ́n ní àwọn kí yín."

Bàbá mi ní, "Àwa náà kí wọn o." Ó gba gègé, ó fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ orúkọ rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì kọ tiwọn tẹ̀ lé e.

Ọdún méjì ni inú gbogbo wa fi dùn. Èrè dé lọ́dún àkọ́kọ́, ó dé lọ́dún kejì, ó tilẹ̀ ju èlé àtijọ́ lọ. Bàbá yọ sàárà nínú rẹ̀, ó fi ìyókù ra ìpín sí i. Wọ́n wá ń pè mí ní akọ̀wé nínú ọjà, ará Ìsẹ́yìn sì fún mi ní ìró kan pé kí n fi gbádùn ara mi. Nígbà tí ọdún kẹta fẹ́ parí, bàbá rán ẹni tó ń lọ sílé sí Ìyá Àgbà pé kó máa múra, pé ọkọ̀ òfúrufú ọdún tó ń bọ̀ kò ní fi í sílẹ̀. A gbọ́ pé ọjọ́ tí ìròyìn náà dé ló ti ra aṣọ funfun.

Èmi àti bàbá la jọ lọ sí Plateau láti lọ gba owó náà. Ó wọ agbádá tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè gbé wa dé àjà kẹrin, ó di ọwọ́ mi mú nínú rẹ̀ bí ọmọdé, mo sì rẹ́rìn-ín sí i. Nínú ọ́fíìsì náà, òtútù ẹ̀rọ amúlétutù bá mi lápá. Obìnrin tó wà nídìí káńtà gba ìwé wa, ó wò ó, ó lọ wo ìwé mìíràn, ó padà wá. Ó ní, "Monsieur n'a pas de compte ici. Monsieur est actionnaire." Ó ní bàbá kò ní owó kankan ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ àwọn, oníìpín ni. Mo ní a mọ̀, ìpín náà la fẹ́ gbà. Ó wò mí bí ẹni tó ń wò bóyá mò ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀, ó lọ pe ọ̀gá kan.

Ọ̀gá náà ò pariwo mọ́ wa. Ì bá sàn kó pariwo. Ó fún bàbá ní àga, ó ṣàlàyé fún mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé wọ́n ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó ilé iṣẹ́ sínú gígé igi gẹdú, pé ọjà igi ti wó, pé kò ní sí èrè lọ́dún náà. Ìpín ńkọ́? Ó ní a lè tà á, bí a bá rí ẹni tó máa rà á. Ta ló máa rà á? Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, òun ò mọ ẹnì kan. Mo ní kò ṣeé ṣe, pé owó ìyá àgbàlagbà ni, pé wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ó mú ìwé tí bàbá buwọ́ lù jáde nínú fáìlì, ó yí i kọjú sí mi, ó fi orí gègé rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, lórí ìlà méjì yẹn, lókè orúkọ bàbá mi gan-an.

Mo ti gbọ́ kí àwọn èèyàn máa sọ pé ojú àwọn ṣú, mo rò pé àsọdùn ni. Mi ò rí ọ̀gá náà mọ́, mi ò rí fèrèsé, ìlà méjì yẹn nìkan ni mo rí, ó sì yé mi lọ́jọ́ náà, gbogbo rẹ̀ pátá, bí ẹni pé ọmọdé ni wọ́n kọ ọ́ fún. Mo gbọ́ tí bàbá ń béèrè láti ẹ̀yìn mi pé, "Kí ló wí?" Mi ò lè yíjú sí i. Ó tún un béèrè.

Mo ní, "Ó ní owó náà ò sí mọ́."

"Wọ́n jí i ni?"

"Wọn ò jí i, Bàbá. Òwò náà ló pàdánù. Ẹ wà lára àwọn tó ni ín, àdánù náà kàn yín."

Ọ̀gá náà ń yí gègé lọ́wọ́. Bàbá béèrè pé, "Ṣé ó wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí?"

Mo ní ó wà níbẹ̀. Bàbá dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Kò gbà láti wọ ẹ̀rọ náà sọ̀ kalẹ̀. Àtẹ̀gùn la gbà láti àjà kẹrin, ó ń di ògiri mú, èmi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, mo sì ń gbàdúrà pé kí àtẹ̀gùn náà má tán.

Òun fúnra rẹ̀ ló pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ márùn-ún jọ. Mo rò pé á ní ilé owó ló lù wọ́n ní jìbìtì, nítorí ohun tí gbogbo ọjà fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, èmi ni kẹ́ ẹ bá wí." Ará Ìsẹ́yìn ní kí àwọn kó èèyàn jọ lọ sí Plateau, kí àwọn fọ́ gbogbo gíláàsì tó wà níbẹ̀. Bàbá mi bi í pé, "Èrè ọdún méjì tá a gbà, èwo nínú wa ló dá a padà?" Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọkùnrin tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀, tó fún mi ní ìró, ó gbé ojú sí orúnkún. Owó tó fẹ́ fi kọ́ ilé fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Mo wà níbẹ̀, mo gbé omi fún un, mi ò sì sọ nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ ìlà méjì náà mì. Níbi iṣẹ́, mo ń tẹ lẹ́tà kan lórí èkejì. Ní ọjọ́ Àìkú kan tí ọjà dá díẹ̀, mo lọ bá bàbá ní ṣọ́ọ̀bù, mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn abọ́, mo sọ fún un. Mo ní ó ní ìlà méjì tí mi ò kà lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Mo ní wọn ò kí ẹnikẹ́ni nínú ìwé náà, pé èmi ni mo parọ́, nítorí pé mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́, ojú sì tì mí.

Ó ń nu abọ́ lọ. Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa.

Ó ní, "Mo rí ìka rẹ tó dúró, mo rí i tó fò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn èèyàn wọ̀nyí ṣòwò, Àbẹ̀kẹ́. Mi ò rí èyí tó fi ìlà méjì kí mi rí."

Mo ní, "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò bi mí?"

Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀. Ó ní, "Àwọn ọ̀rẹ́ mi jókòó síbẹ̀. Láti ìgbà tí o ti kéré ni mo ti ń fi ọ́ yangàn lójú wọn. Mo ní bí mo bá bi ọ́, tó ò sì mọ̀ ọ́n, ojú á tì ọ́. Mo ní kò lè jẹ́ nǹkan gidi."

Mo sọ fún ọ, ohun tí mo gbọ́ ní Plateau ò dé ìdajì èyí. Owó ìdílé mẹ́fà, ọ̀nà Mẹ́kà ìyá àgbàlagbà, a gbé gbogbo rẹ̀ sọ nù láàárín àwa méjì, níbi tí mo ti ń dáàbò bo ojú ara mi, tí òun náà ń dáàbò bo ojú mi. Ká ní ẹnì kan nínú wa gbà kí ojú ti òun fún ìṣẹ́jú kan péré ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀. Èmi àti ìwọ ti jókòó gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń bú àwọn ilé owó, mo sì máa ń bá wọn bú wọn, nítorí ẹni tó fi lẹ́tà tíntìnìntín kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé mọ ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bú wọn tán, mo máa ń dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, mò ń bá wọn sọ Yorùbá, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, títí ó fi dé ẹnu mi. Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó sínú agolo. Kò tíì dé ìdajì owó Mẹ́kà nígbà tí ẹnì kan ti Ìgbòho dé pẹ̀lú lẹ́tà tí tíṣà kan bá ìdílé kọ, ní Yorùbá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Mo já a, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìyá Àgbà ti kú. Wọ́n kọ bí wọ́n ṣe sin ín, wọ́n kọ orúkọ àwọn tó wá kí wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ ọ́ pé títí tí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń béèrè bóyá ọmọ òun ti dé láti wá mú òun lọ, àti pé aṣọ funfun tó rà ni wọ́n fi sin ín.

Ìka mi dúró. Mo rí i tí bàbá mi ń wo ìka náà. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ bí mo bá fò ó, yàtọ̀ sí òun nìkan. Ó ní, "Kà á." Mo kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, lójú gbogbo wọn, títí dé orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ó fi apá agbádá rẹ̀ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì sí ẹni tó gbójú sókè wò ó. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "O ṣé tí o kà á." Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe fún bàbá mi láyé, èyí ló dára jù, òun náà ló sì dùn ún jù.